Ara Ta Ni Wọ́n Máa Fi Kọ́ Ọ?

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní SS3, ló béèrè pé yunifásítì wo ni kí òun kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB bí òun bá fẹ́ máa tọ́jú àwọn eléré ìdárayá. "Àǹtí, kì í ṣe dókítà o," ló sọ fún mi. "Ẹni tó máa ń wà lẹ́bàá pápá ni mo fẹ́ jẹ́. Ẹni tó máa sáré wọlé tí ẹnìkan bá ti ṣubú."

Olùkọ́ Biology ni mí. Lọ́dọọdún tí àkókò JAMB bá ti tó, àwọn ọmọ máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa, ohun tí wọ́n sì ń dárúkọ kì í ju mẹ́rin márùn-ún lọ: Mẹ́dísìn, Nọ́ọ̀sì, Fámásì, Láà. Ọmọ tó bá ti dárúkọ ohun mìíràn, mo máa ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè gbọ́ tẹnu rẹ̀ dáadáa. Eléyìí wá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi. Eré igba mítà ló ń sá. Ó ti fi ẹsẹ̀ rọ́ rí lọ́jọ́ inter-house, olùkọ́ tó wà nítòsí bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ó fi Aboniki ra á, ó ní kó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ohun tí agbára rẹ̀ ká ló ṣe, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ẹbí, orúkọ ilé-ìwé ni gbogbo wọn ń dá. Bàbá rẹ̀ ní UI, kò tún sí méjì. Ìyá rẹ̀ ní ibikíbi tó bá ti sún mọ́ ilé. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó wà ní Texas fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yẹn wà. Mo gbọ́ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ọmọ náà fẹ́ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ dé alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ́ ènìyàn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni

Ní Amẹ́ríkà, athletic trainer ló máa ń wà lẹ́bàá pápá. Òun ló ń di ọrùn ẹsẹ̀ àwọn eléré kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń sáré wọlé bí ẹnìkan bá ṣubú. Bí àwọn méjì bá forí gbárí, òun ló ń pinnu bóyá wọ́n lè máa bá eré lọ, òun náà ló sì ń bá ẹni tó farapa ṣe ìdárayá títí yóò fi padà. Ọdún 1950 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1990, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ náà gbà pé ọ̀kan lára iṣẹ́ ìlera ni iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ kejì ni ti oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, tí a ń pè ní físíò, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú ara. Tirẹ̀ gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ ọwọ́ tí ọrùn rẹ̀ kò tètè dúró ń bọ̀, ìyá tí làkúrègbé ń dà láàmú lórúnkún ń bọ̀, ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú ń bọ̀. Eléré ìdárayá kàn wà láàrin wọn ni.

Ohun tí ọmọ yìí rí tó fi ń wù ú, èmi náà rí i. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2023, Damar Hamlin, tó ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti àwọn ará Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ Buffalo Bills, ṣubú lórí pápá ní Cincinnati, ọkàn rẹ̀ sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Denny Kellington, ọ̀kan lára àwọn athletic trainer ẹgbẹ́ náà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láyà lójú ẹsẹ̀. Hamlin yè, ó sì padà sórí pápá kí ọdún yẹn tó parí. Ìgbà tí ọmọ náà fi fídíò rẹ̀ hàn mí, Samuel Okwaraji ni mo rántí. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1989 ni, ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó, tí a ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ó ṣubú ní ìṣẹ́jú 77, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni. N kò sọ pé ẹnìkan ìbá ti gbà á là lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé láti ìgbà náà ló ti yẹ kí gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó dúró lẹ́bàá pápá kì í ṣe ẹni tó wá wòran.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ẹ ń rí tó ń gbé àpò sáré wọ pápá fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá, fisiotẹ́rápì ló sábà máa ń kọ́ kó tó wá yà sí ọ̀nà eléré ìdárayá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mo gbà. Ẹ̀kọ́ Human Kinetics wà ní UI, Physical and Health Education wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn kóòṣì tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1974 sì wà ní Sùúrùlérè. Ọ̀nà rere ni gbogbo wọn fún ẹni tó fẹ́ máa kọ́ni ní eré tàbí tó fẹ́ jẹ́ kóòṣì. Ṣùgbọ́n wọn kò fúnni ní àṣẹ láti di orúnkún ọlọ́rúnkún mú, kí a ní a fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ fún wa nìyí: à ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Ẹni tó mọ spray fọ́n nìkan ń jẹ́ físíò láàrin àdúgbò, àwọn ọmọ tó farapa sì ń gbé ara wọn lé e lọ́wọ́.

Ọ̀sán tí wọ́n wọn itan

Mo bá físíò kan sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwòsàn kan nílùú yìí, mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà wá jókòó sí igun yàrá kó wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó gbà, lẹ́yìn tó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó wá gba ìtọ́jú. Yàrá náà kò ní ariwo ẹ̀rọ kankan. Irin gígùn méjì ló wà láàrin tí wọ́n nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, dígí ńlá wà lára ògiri, àpò iyanrìn kéékèèké wà nílẹ̀, àtẹ̀gùn onígi kan sì wà tí ènìyàn ń gùn láti òde kan bọ́ sí òde kejì láìlọ síbì kankan.

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ wọlé. Rọpárọsẹ̀ ti mú un ní apá ọ̀tún. Físíò náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ, ó fi ọwọ́ kan sí i níbàdí, kò sì fa apá rẹ̀ rárá. Ó wojú wa, ó ní àwọn ẹbí ló máa ń fi ìfẹ́ fa apá yẹn nílé, èjìká ni wọ́n sì ń bà jẹ́. "Màámi, ẹ fojú wo iwájú, ẹ má wo ẹsẹ̀." Ìyá gbé ẹsẹ̀ kan. "Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí." "Ẹ ṣeun, Màámi. Ẹ jẹ́ ká dé ibi dígí, lẹ́yìn náà ẹ ó jókòó." Báyìí ni wọ́n ń lọ, díẹ̀ díẹ̀. Ìdí kọ́kọ́ gbé ara, orúnkún tẹ̀ lé e, gìgísẹ̀ wá kan ilẹ̀ níkẹyìn. Mo wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Torí àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ṣe wá.

Agbábọ́ọ̀lù náà dé. Ọmọṣẹ́ wẹ́dà ni, ọjọ́ Sunday ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Orúnkún rẹ̀ ti wú nígbà kan, ó fi omi gbígbóná jó o nílé, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tiro. Wíwú náà ti lọ, àmọ́ orúnkún ṣì ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó nà sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ń retí kí físíò fọwọ́ kan orúnkún. Téèpù ló yọ lápò, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń lò. Ó fi báírò fa ìlà sí itan méjèèjì ní ibi tó dọ́gba sókè orúnkún, ó fi téèpù yí ọ̀kan po, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó yí èkejì po. Itan ẹsẹ̀ tó ń dùn ún fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kéré sí èkejì.

"Dókítà, orúnkún ló ń dùn mí, ẹ wá ń wọn itan."

"Itan ló ń gbé orúnkún. Látìgbà tí o ti ń fi ẹsẹ̀ yìí tiro, o kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, iṣan ibẹ̀ sì ti ń yọ́ lọ. Orúnkún ń yẹ̀ torí kò sí ohun tó dì í mú."

Lẹ́yìn náà ló bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà bóyá kí ọmọbìnrin tó jókòó yẹn wá fi ọwọ́ kàn án. Ó ní kò burú. Físíò ká aṣọ ìnura, ó fi sábẹ́ orúnkún ẹsẹ̀ tó dá, ó ní kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìka méjì sí iṣan tó wà ní apá inú, lókè ibi tí ọmọrí orúnkún wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì. "Tún tẹ̀ ẹ́." Ọmọ náà gbé ìka kúrò, ó tún gbé e padà, ó tẹ orí ba bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Kí ni ọwọ́ rẹ rí?"

"Tàkọ́kọ́ le, sà. Eléyìí... ó pẹ́ kó tó dáhùn. Kò tiẹ̀ dáhùn tán."

Físíò náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá sọ ohun tí mo ti ń gbé kiri látọjọ́ yẹn. Ó ní: "Ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìka mọ̀ yẹn, ìwé kò lè sọ ọ́ fún ọ. Bí o bá fẹ́ yan ilé-ìwé, kí ìbéèrè rẹ jẹ́ èyí: ara ta ni ẹ máa fi kọ́ mi, ìgbà wo lẹ sì máa jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀?" Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà tí ìyá àgbà ti gbà jáde. "Ìyá yẹn àti àwọn bíi tirẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe ń wo ìrìn agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tí ara rẹ̀ yá, gbogbo rẹ̀ á kàn ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú rẹ kò ní lè ká a. Ẹni tó ń tún ìrìn kọ́ á fi í hàn ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

Kí a tó jáde, ọmọ náà béèrè ọjọ́ tí ìyá àgbà tún ń bọ̀.

Mo ti ń kọ́ni ní egungun àti iṣan tipẹ́, mo sì mọ iye egungun tó wà lára. N kò tíì rí i kí ọmọ kan fi ìka ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàrin iṣan tó wà lójúfò àti èyí tó ti sùn, kí ojú rẹ̀ sì yí padà lójú mi báyẹn. Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ti yí padà nínú mi. Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí kò lè dára ju àwọn ènìyàn tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ lọ, àti bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ wọn tó. Ọmọ tó ń wá agbábọ́ọ̀lù nìkan yóò máa rò pé wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ń fi àkókò òun ṣòfò. Ibẹ̀ gan-an sì ni ojú rẹ̀ ti ń là.

Físíò náà kò fi òdìkejì rẹ̀ pamọ́. Ó ní ènìyàn lè parí gbogbo ẹ̀kọ́ nínú ilé-ìwòsàn kó má dúró lẹ́bàá pápá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò mọ orúnkún tó ti wú láti oṣù kan, kò ní mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ farapa báyìí lójú ogunlọ́gọ̀ tó ń pariwo kí wọ́n dá a padà sínú eré. Ìbéèrè kejì nìyẹn tí ó ní kó béèrè: ta ní máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí pápá?

Ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ

Pẹ̀lú ìbéèrè méjì yìí ni èmi àti ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ilé-ìwé. UI ti ń kọ́ni níṣẹ́ fisiotẹ́rápì láti 1966, ilé-ìwòsàn UCH tó ṣí ní 1957 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí UCH túmọ̀ sí fún mi báyìí ni wọ́ọ̀dù tó pọ̀: ti egungun, ti ọpọlọ, ti ọmọdé, ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ifẹ̀ ní tirẹ̀, UNILAG ní tirẹ̀ ní Ìdí-Àràbà. Bowen ní Ìwó ń kọ́ni pẹ̀lú, ilé-ìwòsàn rẹ̀ sì ni èyí tí gbogbo wa níbí mọ̀, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Bàbá ọmọ náà máa ń sọ̀rọ̀ nípa Bowen bíi pé ibi jíjìn kan ni. Mo rán an létí pé ilé-ìwòsàn yẹn ni wọ́n ti bí òun fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí òbí kankan fojú kéré. Òǹtẹ̀ méjì ni ẹ̀kọ́ yìí ń gbà. NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ń fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ yunifásítì, àjọ tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀, Medical Rehabilitation Therapists Board, sì ń fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Àjọ kejì yìí ló ń fúnni ní ìwé-àṣẹ. Ọmọ lè fi gbogbo ọdún kàwé, kó gba digirì, kó má sì lè tọ́jú ẹnikẹ́ni bí òǹtẹ̀ kejì kò bá sí. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín nílé-ìwé pé "wọn ò ní pẹ́ fọwọ́ sí i," ẹ dúró títí wọn yóò fi fọwọ́ sí i. Ẹ bi àjọ náà fúnra rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀, àwọn ilé-ìwé kan sì ti ń bọ́ sí ọdún mẹ́fà tó ń parí sí DPT, ìyẹn digirì dókítà nínú fisiotẹ́rápì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún kan tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà nílé-ìwòsàn, kí ó tó kan NYSC. Ó gùn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohun tí mo máa ń wò nínú ọdún wọ̀nyí ni ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹni tó ń ṣàìsàn. Ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì gbogbogbòò, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wọ inú ẹ̀kọ́ ara òkú, tí wọn yóò ti rí iṣan bó ṣe so mọ́ egungun gan-an. Ẹ bi àwọn tó wà ní ọdún kẹrin pé ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wà nílé-ìwòsàn, àwọn mélòó ló ń pín ẹni kan ṣoṣo wò, ṣé àwọn olùkọ́ wọn ṣì ń tọ́jú ènìyàn fúnra wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í purọ́ fún àbúrò wọn lórí irú nǹkan báyìí.

Ti Physics wá ńkọ́? Mo ń sọ èyí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. English, Biology, Chemistry àti Physics ni JAMB ń béèrè fún fisiotẹ́rápì, a sì tún nílò Maths nínú WAEC. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ràn eré ìdárayá ló ń sá fún Physics láti SS1, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń tì mọ́ ara wọn. Orúnkún tí wọ́n fẹ́ tọ́jú, agbára tó ń fà á àti ibi tí agbára náà ti ń fà á ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ wa yìí, Physics ló ń dà á láàmú jù.

Ti owó, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ rọ̀ wá lọ́rùn ju ti aládàáni lọ, gbogbo òbí ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ibẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé ká, àwa ọmọ Ọ̀yọ́ sì wà nínú ti UI. Ìrànlọ́wọ́ gidi nìyẹn, àmọ́ àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó kù náà mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohùn tó wá láti Texas

N kò fojú kéré ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó rí ohun tó ń sọ. Tobi Amusan tiwa, tó sá eré onídènà 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní 2022, Yunifásítì Texas ní El Paso ló ti kàwé. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní àwọn athletic trainer tó ń wà pẹ̀lú àwọn eléré láti ìgbà ìgbaradì dé ọjọ́ ìdíje. Ọmọ tó bá ń wo ìyẹn lórí fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo mọ ohun tó ń fà á.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ohùn yẹn ti pẹ́. Ó ní kí ọmọ náà lọ fi ọdún mẹ́rin gba digirì àkọ́kọ́ nínú athletic training, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà lọ sí ipele másítà. Láti 2022, ilé-ìwé tó fẹ́ kí CAATE, àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà, máa fọwọ́ sí tirẹ̀ kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí digirì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Digirì kan yóò kọ́kọ́ wà nílẹ̀, másítà yóò tẹ̀ lé e, ìdánwò ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní BOC, yóò wá tẹ̀ lé ìyẹn. Fisiotẹ́rápì tiwọn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: DPT, tó sábà máa ń gba ọdún mẹ́ta lórí digirì àkọ́kọ́, kí ènìyàn tó jókòó ṣe ìdánwò ìwé-àṣẹ. Ẹ̀yin tí agent kan bá ń ta fọ́ọ̀mù ọlọ́dún mẹ́rin fún pé iṣẹ́ ti dé, ẹ ní kó fi orúkọ ilé-ìwé náà hàn yín nínú ìwé àjọ tó ń fọwọ́ sí i kí ẹ tó na kọ́bọ̀.

Ohun tí mo sọ fún ẹbí ni pé ẹni tó bá kọ́ fisiotẹ́rápì dáadáa níbí, tó ní ìwé-àṣẹ, kò tíì ti ilẹ̀kùn kankan. Ní Amẹ́ríkà, wọn yóò gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò bóyá ó bá tiwọn mu kí wọ́n tó jẹ́ kó ṣe ìdánwò. Ní ìlú Ọba, HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera bíi tirẹ̀ sílẹ̀, ni yóò wò ó. Ó lè lọ kọ́ másítà nínú ti eléré ìdárayá nígbà náà, pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́ àti ọgbọ́n lórí. Bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún bá kọ́kọ́ lọ, a ó máa san owó dọ́là fún ohun tí kò tíì mọ̀ bóyá òun fẹ́.

Ta ló wà lẹ́bàá pápá wa?

Ohun tó wá ká mi lára jù lẹ́yìn gbogbo ìwádìí yìí, ilé ni. Ilé-ìwòsàn olùkọ́ni méjì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti Bowen àti ti LAUTECH. Crown FC wà. Kò sí àdúgbò tí kò ní pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, inter-house kò sì yẹ̀ lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ọmọ tó bá ṣubú lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn pápá yẹn, òrí àti omi gbígbóná ló ń dúró dè é. Àwọn tó ń to eegun lọ́nà ìbílẹ̀ wà, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílùú yìí ló ń fi ẹsẹ̀ tí wọ́n tò rìn. Àmọ́ iṣan tó já nínú orúnkún yàtọ̀ sí egungun tó ṣẹ́. Kò sí ohun tí a fẹ́ tò níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún, àwọn onímọ̀ kò fẹ́ kó padà sí pápá kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé, iṣẹ́ ojoojúmọ́ sì ni oṣù mẹ́sàn-án náà, pẹ̀lú ẹnìkan tó ń wọn itan.

Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ fisiotẹ́rápì kò fi lè wà ní gbogbo inter-house tó bá wáyé nítòsí ilé-ìwé wọn, pẹ̀lú olùkọ́ wọn kan? Kò ní ná wọn ju owó ọkọ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, àwọn ọmọ wa yóò rí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé wa lórí èyí, pé kó bá wa bá ẹ̀ka kan sọ ọ́ kí inter-house tó ń bọ̀ tó dé. Ilé-ìwé tó bá ń ṣe irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo lè fi ọmọ tèmi síbẹ̀ láìwo ẹ̀yìn, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì dún.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé yíyan ilé-ìwé fún iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ àti òbí rẹ̀ nìkan. Àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń rí lójoojúmọ́ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ni ọkàn rẹ̀ máa ń mọ́, àwọn ni yóò sì máa wá lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹ̀kọ́ tí a ń gbà láti orí ìwé àti fídíò nìkan, ojú ọ̀nà òkèèrè ló ń kọ sí. Ẹni tó ti di ìyá àgbà kan mú níbàdí rìn títí dé ibi dígí, tó sì ti kúnlẹ̀ sórí koríko pẹ̀lú ọmọ tó ń sunkún, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lọ òkèèrè náà o, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n yóò mọ àwọn tó ń fi sílẹ̀ ní orúkọ.

Ibi tí a bá a dé

Fisiotẹ́rápì ní UI ló kọ sí ipò kìíní, torí gbogbo ayé mọ̀ pé UI kì í fẹ́ kí a fi òun sípò kejì. Bowen ló tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ̀ ṣì ń sọ pé Mẹ́dísìn ni ìbá kọ, pé bó bá di dókítà tán ó lè tọ́jú ẹni tó bá wù ú, eléré tàbí ẹni tí kì í ṣeré. Mo dá a lóhùn pé kó wá bá wa lọ sí yàrá yẹn lọ́jọ́ kan kó wá wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń wò. Kò tíì ní bẹ́ẹ̀ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀kọ́. Ìyá ọmọ ti lọ ní tirẹ̀.

Nínú ìsinmi tó ń bọ̀, a ó lọ sí Ìbàdàn lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin, ọmọ náà sì ti kọ àwọn ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé. Títí dìgbà náà, olùkọ́ Physics wa ti gbà láti máa kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday àti Thursday. Orí ọ̀rọ̀ moments, bí agbára ṣe ń yí nǹkan, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ní òun fẹ́ kọ́kọ́ yé òun.